Ẹ Dá Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Fásitì Ìbàdàn Padà

Ìpàdé pàjáwìrì kan ṣoṣo ni Sẹ́nétì Fásitì Ìbàdàn, ìyẹn ìgbìmọ̀ àgbà àwọn olùkọ́ níbẹ̀, ṣe lọ́dún 2017 tí wọ́n fi ti ọgbà pa, tí wọ́n lé àwọn ọmọ sílé, tí wọ́n sì ní kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ rọ́kún nílé. Ọ̀rọ̀ káàdì ìdánimọ̀ tí àwọn ọmọ sanwó rẹ̀ tí wọn ò rí gbà ló sì bí gbogbo rẹ̀.

Irú èyí ṣẹlẹ̀ ní Fásitì Èkó (UNILAG) lóṣù kẹrin ọdún 2016, nígbà tí àwọn ọmọ pariwo omi àti iná. A sọ ọ́ nígbà náà pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó lé lọ́dún kan lẹ́yìn ìgbà náà tí ẹgbẹ́ UNILAG ò fi padà. Ṣé ohun tí Ìbàdàn náà fẹ́ ṣe nìyẹn?

Ta ló dìbò yan àwọn aṣáájú tí wọ́n ní kó lọ jókòó sílé? Kì í ṣe Sẹ́nétì. Àwọn ọmọ Mellanby, Tedder, Kuti, Sultan Bello, Queen Idia àti àwọn ilé ìbùgbé yòókù ni. Wọ́n jókòó ti àwọn olùdíje ní alẹ́ ìpolongo, wọ́n da ìbéèrè bò wọ́n, lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀ka. Bí olóyè kan bá ṣẹ̀, ẹgbẹ́ ní òfin, ó ní ìgbìmọ̀ aṣòfin tó lè pè é wá jẹ́jọ́. Àmọ́ kí èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣẹ̀, kí Sẹ́nétì wá gba ìbò lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, a ò mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ọgbà yìí ló yẹ ká ti máa gbọ́ irú èyí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971, ọlọ́pàá yìnbọn pa Kúnlé Adépéjù nínú ọgbà yìí kan náà, nígbà ìfẹ̀hónúhàn lórí oúnjẹ. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ títí dòní. Gbogbo ọ̀gá tó bá ń kọjá níbẹ̀ ló ń rí i.

Ológun ló kọ́kọ́ sọ fífọwọ́ lalẹ̀ fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ di òfin. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dá sílẹ̀ ni ìjọba ológun Babangida gbé Òfin 47 ti ọdún 1989 jáde. Ṣùgbọ́n ní 2003, lábẹ́ ìjọba alágbádá, òfin òmìnira fásitì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ní aṣojú nínú àwọn ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tó kàn wọ́n. Apá òfin yẹn tó fún gíwá àti ìgbìmọ̀ aláṣẹ lágbára, àwọn ọ̀gá fásitì há a sórí. Kí ló dé tí wọn ò rí èyí tó kan àwọn ọmọ? Nígbà tí ẹgbẹ́ ò sí, ta ni yóò yan aṣojú? Ẹni tí ọ̀gá bá fọwọ́ mú kì í ṣe aṣojú akẹ́kọ̀ọ́, a ò sì ní pè é bẹ́ẹ̀.

Kí sáà ẹ̀kọ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀, kí Sẹ́nétì ká ìpinnu yìí kúrò nílẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí ìdìbò wáyé lásìkò rẹ̀, láìyan ìgbìmọ̀ fìdíhẹ lé ẹnikẹ́ni lórí. Kí wọ́n sì fún àwọn ọmọ ní káàdì tí wọ́n ti sanwó rẹ̀.