Fíìmù tó ń múni ronú náà ń di géèmù
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ ní fíìmù tó ń múni ronú kò lè di géèmù láéláé, pé ti oníjà nìkan ló ṣeé ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Fíìmù Blade Runner, níbi tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ti ń lépa àwọn ẹ̀dá àtọwọ́dá tó jọ èèyàn, jáde lọ́dún 1982; nígbà tó di 1997, ilé-iṣẹ́ aṣegéèmù Westwood Studios fi ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà. Wọn ò kàn tún ìtàn fíìmù sọ. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mìíràn ni ẹni tó ń gbá géèmù náà máa ń jẹ́, ohun tó bá sì yàn ló ń pinnu bí ìtàn ṣe máa parí. Ìbéèrè fíìmù yẹn, pé ta ni èèyàn gan-an, ṣì wà níbẹ̀ digbí. Àmọ́ tó bá jẹ́ ti fìlà àti ṣẹ́ẹ̀tì alá­wòrán òṣèré tí wọ́n ń tà ní Dùgbẹ̀, mo gbà fún yín: ìyẹn ò ní ìrònú kankan nínú.