Ẹ̀rí tuntun nìkan kì í ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n

Ẹ dá ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n fi sẹ́wọ̀n láìṣẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwa Yorùbá, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Ọ̀pọ̀ wa ló gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn: kí ẹ̀rí ṣáà ti yọjú, adájọ́ á fagi lé ìdájọ́ àtijọ́, onítọ̀hún á sì máa lọ sílé rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Iwao Hakamada ní ilẹ̀ Japan ni kí ẹ gbọ́.

Abẹ̀ṣẹ́ ni Hakamada tẹ́lẹ̀ kó tó lọ ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe miso ní agbègbè Shizuoka. Èròjà ọbẹ̀ ni miso, ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń ṣe é, ó fẹ́ fara jọ irú. Lóṣù Kẹfà ọdún 1966, wọ́n pa ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ náà, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn méjì, wọ́n sì dáná sun ilé. Ọlọ́pàá mú Hakamada. Wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò láti àárọ̀ dòru lójoojúmọ́ títí ó fi ní òun ló ṣe é. Nígbà tó dé iwájú adájọ́, ó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Lẹ́yìn ohun tó lé lọ́dún kan, tí ẹjọ́ ti ń lọ lọ́wọ́, ni aṣọ márùn-ún tí ẹ̀jẹ̀ wà lára wọn ṣàdédé yọjú nínú àgbá miso níléeṣẹ́ yẹn. Aṣọ yìí ni òpó tí wọ́n fi gbé ìdájọ́ ikú ró lọ́dún 1968. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí i lọ́dún 1980.

Wọ́n ní kó wọ ṣòkòtò inú aṣọ náà wò. Itan ló há sí. Ẹ̀jẹ̀ ara àwọn aṣọ náà ṣì pupa, bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ti aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ bọ inú miso láti dán an wò, ńṣe ló dúdú. Ìyẹn ni pé ká ní aṣọ náà ti wà nínú miso fún ohun tó lé lọ́dún kan ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní pupa mọ́. Fọ́tò aláwọ̀ tó fi bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe pupa tó hàn kedere wà lọ́wọ́ àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní gbogbo ìgbà yìí. Ọdún 2010 ni wọ́n tó gbé e jáde, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti parí!

Òfin kankan ò sì fipá mú wọn. Abala mọ́kàndínlógún péré ló sọ̀rọ̀ nípa títún ẹjọ́ gbọ́ nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí Japan ṣe lọ́dún 1948, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ní kí ìjọba fi ẹ̀rí ọwọ́ rẹ̀ han ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún ẹjọ́ òun gbọ́. Ọwọ́ adájọ́ ló kù sí. Èyí tó bá wù á béèrè, èyí tí kò bá wù á dákẹ́.

Ọdún 1981 ni Hakamada kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀, ọdún 2008 ni wọ́n tó parí kíkọ̀ fún un. Hideko, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tún gbé ẹ̀bẹ̀ kejì lọ. Lọ́dún 2014, ilé ẹjọ́ Shizuoka gbà láti tún ẹjọ́ náà gbọ́, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ò gbà, wọ́n pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, nítorí òfin gbà wọ́n láàyè. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìpinnu ilé ẹjọ́ Shizuoka padà lọ́dún 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò lọ́dún 2020, ó di ọdún 2023 kí ọ̀nà tó là. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni adájọ́ tó sọ pé kò jẹ̀bi, pé àwọn olùwádìí ló hùmọ̀ ẹ̀rí náà. Hakamada ti di ẹni ọdún 88, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti di 91. Ní Japan, àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa pa ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n máa ń sọ fún un. Ẹ rò ó wò: kéèyàn máa gbọ́ ẹsẹ̀ wọ́dà láràárọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó má mọ ìlẹ̀kùn ta ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣí. Orí rẹ̀ ò lè gbé e. Ìjọba san yen mílíọ̀nù 217 fún un, ṣùgbọ́n owó ò tún ọpọlọ ṣe.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn mẹ́rin míì tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún gba òmìnira lọ́nà kan náà láàárín ọdún 1983 sí 1989, síbẹ̀ wọn ò tún abala òfin yẹn ṣe. Kì í sì í ṣe tiwọn nìkan. Abala 235 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ní bí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ bá ti sọ̀rọ̀, kò síbi tí wọ́n tún lè pẹjọ́ lọ mọ́. Àforíjì ààrẹ tàbí gómìnà ló kù. Kí ni wọ́n fẹ́ forí ji ẹni tí kò ṣẹ̀ sí?

Nǹkan méjì tí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ní Japan ń jà fún jù ni pé kí òfin sọ gbígbé ẹ̀rí jáde di dandan, kí wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ pípẹjọ́ lòdì sí àtúngbẹ́jọ́ kúrò lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ìjọba. Àwọn aṣòfin kan gbé àbá òfin bẹ́ẹ̀ wá sílé aṣòfin lóṣù Kẹfà ọdún 2025. Àwọn tó ń takò ó ní ìyẹn á jẹ́ kí ọ̀daràn rọ́nà lọ. Kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí pé títún ẹjọ́ gbọ́ kọ́ ni ìdásílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ẹjọ́ Hakamada gbọ́, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ṣì láyè láti ro gbogbo ẹjọ́ wọn níwájú adájọ́, ìdájọ́ ikú náà ni wọ́n sì tún béèrè fún. Ohun tí ẹ̀tọ́ pípẹjọ́ yẹn fi kún un fún wọn ni ọdún mẹ́sàn-án tó kọjá láàárín 2014 sí 2023.