CBN kò fòfin de sísanwó lẹ́yìn tí ọjà bá dé

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ lórí WhatsApp pé CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti fòfin dè é pé kéèyàn sanwó lẹ́yìn tí ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì bá dé. Pé owó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òǹtajà ló ń pinnu. Àwọn kan ò gbà á mọ́ torí oníbàárà míì máa ń kọ ọjà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àìfọkàntán ló ń mú ọ̀pọ̀ wa yàn láti sanwó lẹ́yìn tí ọjà bá dé: aládùúgbò mi ní Tákíè á tú ọ̀rá, á na aṣọ wò sí oòrùn, kó tó fowó ránṣẹ́. Tèmi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò jẹ́ n lo káàdì. Ẹ yẹ cbn.gov.ng wò, ibẹ̀ ni ìkéde wọn ń wà. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní PIN tàbí OTP yín. Ẹni tó fi tàkọ́kọ́ ránṣẹ́ ò níkà nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí náà ránṣẹ́ sí i.