Ẹ yéé pe sókàwéè ní ọ̀fẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí ọjọ́ pẹ́. Nígbà tá a kúrò ní ẹ́sítéètì tá a ti rẹ́ǹtì, tá a kó lọ sílé tiwa lọ́nà Ajah, inú wa dùn pé a ti bọ́ lọ́wọ́ owó oṣooṣù tí wọ́n ń gbà fún páìpù àjọlò tó ń kó ìdọ̀tí ilé ìgbẹ́ gbogbo ilé lọ, sókàwéè tiwa (septic tank tó ń gba ìdọ̀tí, àti kòtò tí omi ẹ̀ ń rì sí) la máa lò, ta ló fẹ́ mú bíìlì wá? Irọ́ la pa fúnra wa.

Ilẹ̀ ibí yìí, ẹ ò tíì gbẹ́ ẹ jìnnà tẹ́ ẹ fi máa kan omi. Bíríkìlà wa sì to búlọ́ọ̀kù septic tank, kò rẹ́ inú ẹ̀, ó da dẹ́kìn lé e, ó gbowó ẹ̀ lọ. Bí òjò oṣù kẹfà ṣe dé, ilé ìgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gbùlù-gbùlù. A pe ọkọ̀ tó ń fa ṣalángá, wọ́n fà á, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò pé ó tún ti kún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la pè wọ́n lọ́dún yẹn nìkan, nígbà tó jẹ́ pé tanki tó dáa máa ń tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí wọ́n tó fà á. Ìgbà kẹrin yẹn ni ọmọkùnrin tó di ọ́ọ̀sì mú tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, omi ilẹ̀ mà là ń bá yín kó o." Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, omi tó mọ́ kedere ń ṣàn wọlé láàárín búlọ́ọ̀kù.

Ti kànga ńkọ́? Wọ́n ní kó jìnnà sí sókàwéè tó mítà 30, ilẹ̀ half plot 60 lọ́nà 60 ẹsẹ̀ ò sì tó mítà 20 látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí náà a ò lè gbẹ́ kànga, omi mímu tá à ń rà lójoojúmọ́, owó sókàwéè náà ni.

Mi ò sọ pé páìpù àjọlò ò níṣòro o. Ẹ wo Festac l'Ékòó tí wọ́n kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà 1977, páìpù kan náà ló so ilé pọ̀, tó bá dí, onílé kan ò lè dá a tún ṣe. Ṣùgbọ́n tí àbójútó bá wà, òun lèmi máa mú, torí owó ẹ̀ kì í já lu èèyàn lójijì.

Iye tí ẹ́sítéètì ń gbà yẹn gan-an ni mò ń yà sọ́tọ̀ fún sókàwéè lóṣooṣù báyìí. Ẹni tó bá ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ dúró ti bíríkìlà yín kó rẹ́ inú tanki yẹn pẹ̀lú símẹ́ńtì tó pọ̀ dáadáa, kí wọ́n tó da dẹ́kìn lé e.