Késárì kì í ṣe oyè, orúkọ ojúlé kan ni

Ẹyọ owó fàdákà kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ka Bíbélì fojú rí lẹ́ẹ̀kan, ì báà jẹ́ àwòrán rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó Róòmù ni, láti ìgbà Tiberius. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, kò sì wúwo tó gíráàmù 4. Orí ọkùnrin kan wà lójú rẹ̀, wọ́n fi ewé ṣe adé sí i lórí, àwọn lẹ́tà kan sì yí orí náà ká: TI CAESAR DIVI AVG F AVGVSTVS. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé irú owó yìí ni wọ́n gbé fún Jésù lọ́jọ́ tó bi wọ́n pé àwòrán àti àkọlé ta nìyí, tí wọ́n sì fèsì pé ti Késárì ni.

Mo ti bi àwọn tí mò ń kọ́ ní kíláàsì ọjọ́ Ìsinmi léèrè rí pé kí ni Késárì. Ohùn kan ni wọ́n fi dáhùn: oyè ọba Róòmù ni, bí ọba Ọ̀yọ́ ṣe ń jẹ́ Aláàfin. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn ní kékeré. Ẹ̀bi kò sì pọ̀ níbẹ̀, torí ìwé Lúùkù pe Augustus ní Késárì ní orí kejì, ó pe Tiberius ní Késárì ní orí kẹta, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì dárúkọ Claudius, Késárì tí Pọ́ọ̀lù gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá sì ni Nero. Ọba mẹ́rin, orúkọ kan. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní pè é ní oyè? Àwọn tó tún rò ó jinlẹ̀ díẹ̀ a ní àrọ́mọdọ́mọ Julius Késárì, ọ̀gágun tó ṣàkóso Róòmù ṣáájú Augustus, ni gbogbo wọn, pé ẹ̀jẹ̀ ló gbé orúkọ náà kiri. Nígbà tí Augustus àti Tiberius wà lórí oyè, kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì, mo sì fẹ́ kí a yéé fi kọ́ ọmọdé.

Ọkùnrin Róòmù tó bá jẹ́ ọmọ ilé ńlá sábà máa ń ní orúkọ mẹ́ta. Èkíní ni èyí tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, Gaius, Lucius, Marcus, Titus àti àwọn díẹ̀ mìíràn ni, débi pé lẹ́tà kan tàbí méjì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. TI tó wà lórí owó yẹn, Tiberius ni. Èkejì ni orúkọ agboolé. Ẹ̀kẹta ni ti ojúlé, torí agboolé ńlá a máa pín sí ojúlé-ojúlé. Gaius Julius Késárì, bí a bá sọ ọ́ lọ́nà tiwa, ni Gaius, ọmọ agboolé Julius, láti ojúlé Késárì. Sextus Julius Késárì kan ti wà nípò onídàájọ́ ńlá ní Róòmù lọ́dún 208 ṣáájú ìbí Jésù, ìyẹn lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó bí Késárì tí gbogbo ayé mọ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi ìtàn iṣẹ́ abẹ yẹn sílẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń sọ pé torí wọ́n la inú ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde ló ṣe ń jẹ́ Késárì. Obìnrin tí wọ́n bá la inú rẹ̀ nígbà ayé wọn kì í yè, bẹ́ẹ̀ ni Aurelia ìyá Késárì wà láyé títí ọmọ rẹ̀ fi lé ní ogójì ọdún. Àwọn ará Róòmù fúnra wọn jiyàn lórí ìtumọ̀ orúkọ náà. Àwọn kan ní ó tan mọ́ irun orí, àwọn kan ní ó tan mọ́ erin.

Báwo wá ni orúkọ ojúlé kan ṣe gba gbogbo ayé?

Julius Késárì kò fi ọmọkùnrin tí òfin Róòmù mọ̀ sílẹ̀. Julia, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ bí fún un, ti kú lọ́dún 54 ṣáájú ìbí Jésù. Cleopatra ní òun bí ọkùnrin kan fún un, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ọmọ yẹn nínú ìwé ìpíngún. Nígbà tí wọ́n gún Késárì pa ní oṣù Kẹta ọdún 44, tí wọ́n sì tú ìwé náà, ọmọ ọdún 18 kan tí ń jẹ́ Gaius Octavius ni wọ́n rí níbẹ̀ pé ó gbà ṣọmọ. Ìyá ọmọ náà ni Atia, Julia arábìnrin Késárì ló sì bí Atia. Láti ọdún yẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ń pe ara rẹ̀ ní Gaius Julius Késárì. Octavian tí a ń kà nínú ìwé ìtàn, òun kọ́ ló fi ń pe ara rẹ̀. Orúkọ yẹn ń rán èèyàn létí ilé tó ti wá, ohun tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí nìyẹn. Mark Antony tó bá a du ipò sọ ọ́ sí i lójú pé: ìwọ ọmọdé yìí, orúkọ ló fún ọ ní gbogbo ohun tí o ní. Òótọ́ ni Antony sọ. Àwọn ọmọ ogun tó ti bá Késárì àgbà jagun kò mọ ọmọ náà rí. Orúkọ ni wọ́n tẹ̀ lé.

Ohun tí ọmọ yìí wá fi orúkọ ṣe ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Bí ọ̀gágun bá ṣẹ́gun, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ a máa kí i ní Imperator. Oríyìn ni. Octavius mú oríyìn yìí, ó yọ Gaius kúrò níwájú orúkọ rẹ̀, ó fi Imperator rọ́pò rẹ̀ bí ẹni pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ nìyẹn. Ó yọ Julius pẹ̀lú, ó fi Késárì sí ipò orúkọ agboolé. Ní oṣù Kìíní ọdún 27 ṣáájú ìbí Jésù, ìgbìmọ̀ àgbà fi Augustus, ẹni ọ̀wọ̀, kún un. Ó wá di Imperator Késárì Augustus. Oyè ológun ti di orúkọ àbísọ, orúkọ ojúlé sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ oyè.

Ó nídìí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ọba, rex, jẹ́ èèwọ̀ létí àwọn ará Róòmù. Ìfura pé Julius Késárì fẹ́ jọba wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pa á. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ lọ́ba ti pe ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n ta ló máa bá èèyàn jà pé ó ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí owó fàdákà wa, ká kà á tán. Tiberius Késárì, DIVI AVG F, ọmọ Augustus tó ti di òrìṣà, Augustus. Kò sí ọ̀rọ̀ ọba níbẹ̀ rárá. “Ọmọ” tó sì wà níbẹ̀, ọmọ àgbàtọ́ ni. Tiberius Claudius Nero ni orúkọ bàbá tó bí i lọ́mọ, òun náà sì jẹ́ orúkọ yẹn gan-an títí ó fi di ẹni ọdún 44. Ìgbà yẹn, lọ́dún 4 lẹ́yìn ìbí Jésù, ni Augustus gbà á ṣọmọ, tó kúrò ní agboolé Claudius bọ́ sí agboolé Julius. Kò sí ẹ̀jẹ̀ Julius Késárì kankan lára Késárì tí wọ́n ń san owó orí fún ní Jùdíà.

Bí ẹ bá wá yí owó náà sí ẹ̀yìn, obìnrin kan ló jókòó níbẹ̀, tó di ọ̀pá mú lọ́wọ́ kan, tó di ewé mú lọ́wọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ gbà pé Livia ni, ìyá Tiberius. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ tún le ju ti ọmọ rẹ̀ lọ. Obìnrin Róòmù kì í jẹ́ orúkọ ọkọ. Orúkọ agboolé bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́ títí ọjọ́ ikú, gbogbo ọmọbìnrin inú ilé sì lè jẹ́ orúkọ kan náà: Antonia àgbà, Antonia kékeré. Livia fẹ́ ọkọ méjì, Augustus ni èkejì, Livia náà ló ṣì ń jẹ́. Nígbà tí Augustus kú lọ́dún 14, ìwé ìpíngún rẹ̀ gba ìyàwó rẹ̀ sínú agboolé Julius gẹ́gẹ́ bí ọmọ, láti ọjọ́ yẹn ló sì ti di Julia Augusta. Opó di ọmọ fún ọkọ tó sin. Mo mọ̀ pé yóò ṣe àjèjì létí ẹni tí a tọ́ dàgbà nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń so ìdílé pọ̀ nìyẹn.

Nígbà mìíràn pàápàá, ilé ìyá ni orúkọ ti ń wá. Poppaea Sabina, ìyàwó Nero, kò jẹ́ orúkọ Titus Ollius bàbá rẹ̀, ẹni tí ọ̀ràn ìṣèlú ti bà jẹ́. Orúkọ bàbá ìyá rẹ̀ ló mú, torí ọlọ́lá ni baba àgbà yẹn. Flavius Sabinus ni bàbá Vespasian, ọba Róòmù kan tó jẹ lẹ́yìn Nero, Vespasia sì ni ìyá rẹ̀. Ẹ wò ó fúnra yín, ẹ̀yin náà á mọ ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá. Ọmọ rẹ̀ àgbà jẹ́ Titus Flavius Vespasianus bíi ti bàbá gẹ́lẹ́. Àwa la ń pe ọ̀kan ní Vespasian, tí a ń pe èkejì ní Titus, kí wọ́n má baà dà rú mọ́ ara wọn.

Ìgbà wo wá ni Késárì di oyè? Bí ẹ bá ní kí n mú ọjọ́ kan, ọdún 41 ni màá mú. Wọ́n pa Gaius, ọba tó jẹ lẹ́yìn Tiberius, ẹni tí a mọ̀ sí Caligula. Àlàjẹ́ lásán ni Caligula, bàtà kékeré, tí àwọn ọmọ ogun fi ń pè é nígbà tó wà lọ́mọdé láàárín wọn, ó sì fìyà jẹ ọ̀gá ológun kan tó pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tó dàgbà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mú Claudius àbúrò bàbá rẹ̀, wọ́n fi í jẹ. Ẹnikẹ́ni kò gba Claudius ṣọmọ sínú agboolé Julius rí. Síbẹ̀ ó fi Késárì kún orúkọ ara rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni orúkọ náà já kúrò lára ìdílé. Nígbà tí Nero kú lọ́dún 68 tí kò sí ẹnì kankan mọ́, Galba tó gorí oyè lẹ́yìn rẹ̀ mú un, kò bá wọn tan. Vitellius tó tún jẹ lẹ́yìn náà kọ̀ ọ́ ní tiẹ̀, àfi nígbà tí ogun Vespasian ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀lú ló wá ń wá a, bóyá agbára wà nínú orúkọ náà. Vespasian mú un, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè mọ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní oyè ni Késárì kò parọ́ tán, ìgbà ló ṣì. Ní ọdún 293, lábẹ́ ọba Diocletian, oyè ni pátápátá: Augustus méjì lókè, Késárì méjì lábẹ́ wọn. Láti ibẹ̀ náà ni Kaiser àwọn ará Jámánì àti Tsar àwọn ará Rọ́ṣíà ti wá.

Síbẹ̀ ìwà kí èèyàn máa fi orúkọ wá bàbá kò tán. Septimius Severus, ọmọ ìlú Leptis Magna ní Líbíà òde òní, fi ogun gba ìjọba. Lọ́dún 195 ó kéde pé ọmọ Marcus Aurelius ni òun. Marcus Aurelius, ọba àtijọ́, ti kú láti ọdún 15 sẹ́yìn. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Auspex kí i pé, “Késárì, mo bá ọ yọ̀ pé o rí bàbá.” Bassianus, orúkọ bàbá ìyá, ni ọmọ Severus ń jẹ́; wọ́n yí tiẹ̀ náà sí Antoninus, ọ̀kan lára orúkọ Marcus Aurelius. Caracalla tí a fi mọ̀ ọ́n, àlàjẹ́ mìíràn ni, orúkọ aṣọ ìlékè kan tó fẹ́ràn.

Nínú gbogbo wọn, Nero ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ká mi lára jù. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ fún un lọ́dún 37 ni Lucius Domitius Ahenobarbus. Onírùngbọ̀n-idẹ ni Ahenobarbus, orúkọ ojúlé àtijọ́ tó níyì. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí Claudius, ọkọ ìyá rẹ̀, gbà á ṣọmọ, tó di Nero Claudius Késárì. Nero gan-an kì í ṣe orúkọ àbísọ; orúkọ ojúlé kan ní agboolé Claudius ni. Britannicus, ọmọ tí Claudius bí, ṣèèṣì kí i ní Ahenobarbus bí ó ti ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀. Nero bínú débi tó fi fẹ́ kí Claudius gbà pé Britannicus kì í ṣe ọmọ rẹ̀.

Lọ́dún 68, Vindex, gómìnà kan ní Gaul, ilẹ̀ Faransé òde òní, dìtẹ̀ sí i, ó sì ń pè é ní Ahenobarbus nínú ìkéde rẹ̀ láti fi bú u. Lọ́tẹ̀ yìí Nero ní òun yóò padà sí orúkọ ìdílé òun tí wọ́n fi ń bú òun, òun yóò sì jọ̀wọ́ èyí tí wọ́n fi ìgbàṣọmọ fún òun. Ikú kò jẹ́ kó rí i ṣe. Ibojì ńlá tí Augustus kọ́ fún ìdílé rẹ̀ wà ní Pápá Mars lẹ́bàá ìlú, ṣùgbọ́n wọn kò gbé Nero lọ síbẹ̀. Àwọn obìnrin méjì tó tọ́ ọ lọ́mọdé, Egloge àti Alexandria, pẹ̀lú Acte olólùfẹ́ rẹ̀, ló kó eérú rẹ̀ lọ sínú ibojì àwọn Domitius, lórí òkè tí èèyàn lè rí láti Pápá Mars.