Ẹ Fi Tátíkì Onítátíkì Sílẹ̀!

Ó ti sú mi o! Gbogbo alẹ́ Sátidé ní Àjàṣẹ́ níbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi á gbé kọ̀ǹpútà wá, ẹ á ní géèmù bọ́ọ̀lù tí ẹ ti ń ṣe kóòṣì yẹn ń rẹ́ yín jẹ. Irọ́ ni! Ẹ lọ da tátíkì 4-3-3 ẹlòmíì kọ (ará ẹ̀yìn mẹ́rin, àárín mẹ́ta, iwájú mẹ́ta), ẹ ti àwọn ará ẹ̀yìn dé àárín pápá, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì tó wà láàárín ẹ̀yìn ti lé lẹ́ni ọdún 33, máàkì eré sísá wọn nínú géèmù ò ju 8 nínú 20 lọ, bọ́ọ̀lù gígùn kan péré, ó ti wọlé! Tréníǹgì ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó le jù, nọ́ńbà 9 yín, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, fara pa nítan, kò sì sẹ́ni tó máa rọ́pò ẹ̀ torí ẹ ti kó gbogbo owó ra wíńgà mẹ́rin, àwọn tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Wíńgà mẹ́rin! Tí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù wá síwájú gọ́ọ̀lù, ta ló fẹ́ fi orí kàn án?