Ta ni kí wọ́n mú?
Ẹ̀yin tí ẹ ní fíìmù Zodiac, tó dá lórí apààyàn kan tó wà lóòótọ́, kò ní ìparí gidi torí pé wọn ò mú apààyàn náà, ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí wọ́n mú? Láti 1968 tó ti ń pa èèyàn ní Kalifọ́níà, tó ń kọ lẹ́tà ìyájú sáwọn ilé ìwé ìròyìn, wọn ò rí ẹnì kankan dá lẹ́jọ́ títí dòní. Arthur Leigh Allen tí fíìmù ń nàka sí kú ní 1992, wọn ò gbé e dé kóòtù rí lórí ọ̀rọ̀ náà. Bí Fincher tó darí fíìmù náà bá kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ níparí, irọ́ ló pa yẹn.

Nígbà tí wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù mi, oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. “Ẹ padà wá ní Mọ́ńdè.” Wọ́n gbé ẹni tó ń bójú tó o lọ síbòmíì, fáìlì pòórá. Ìdí nìyẹn tí fíìmù ọ̀hún, pẹ̀lú gígùn rẹ̀, kò fi sú mi. Ohun tó bí mi nínú ni pé ẹni tó ń wá apààyàn jẹ àwọn tó ṣe fíìmù náà lógún ju àwọn tó kú lọ. A mọ ìyàwó Graysmith, ayàwòrán ìwé ìròyìn tó ń wá apààyàn náà, a rí àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyá ọmọbìnrin tí wọ́n gún lọ́bẹ létí adágún ńkọ́?